Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Mi Nídìí Ìbọn

Nínú ọta mẹ́wàá tí mo yìn lọ́jọ́ náà, méjì péré ló ba pákó. Èmi ọmọ ọdẹ láti Ṣakí, tí bàbá rẹ̀ pa ẹfọ̀n, mo dúró níwájú pákó tó ga tó èèyàn, ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ péré, ọta mẹ́jọ sì wọ igbó lọ. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó dúró wò mí létí mi títí di òní. Ẹ̀yin náà, ẹ má tíì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún yín.

Mo ti lo ọdún kan àti ààbọ̀ ní ilẹ̀ Gólùkóòsì kí ọ̀rọ̀ ìbọn tó dé. Bí mo ṣe débẹ̀ kò ní ìtàn kankan nínú, ẹsẹ̀ ló gbé mi débẹ̀, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ ará Ṣakí ṣáájú mi. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló lé mi kúrò nílé, kò sí ẹni tó lé mi. Ojú kòkòrò ni. Mo fẹ́ rí ohun tí àwọn tó lọ rí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn, igbó ni. Ní ọ̀dàn tiwa, bí mo bá dúró lẹ́yìn ilé, màá rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dú, màá sì ti mọ ìrìn rẹ̀ kó tó dé ìdí igi ẹmì. Níbẹ̀, igi dí ojú ọ̀run pa. Èèyàn á wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ọ, o ò ní rí i. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọrùn ń dùn mí nítorí òkè tí mò ń wò ṣáá.

Ìkejì ni ìkíni. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Àgbàlagbà ni, orí rẹ̀ ti funfun. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Họ́wù! Ọkùnrin náà fò sókè, ó lọgun, àwọn méjì sáré gbé omi wá, wọ́n dà á lé mi lórí. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi tí mo fi ṣubú. Mo dìde pẹ̀lú aṣọ tútù, mo ń kí i, wọ́n sì tún ń sọ fún mi pé kí n rọra, kí n jókòó. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa ti kẹ̀kẹ́ tó kún fún òkúta láti ẹnu kòtò dé ibi ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ. Àwa mẹ́jọ là ń sùn nínú yàrá kan, kò sí méjì nínú wa tó ń sọ èdè kan náà. Alátà ni àwọn onílẹ̀ ń pe gbogbo Yorùbá, èmi tí mi ò ta ata rí láyé mi. Mo ń jẹ́ Alátà láàárọ̀, mo ń jẹ́ Alátà lálẹ́. Kò sí ẹnì kan tó mọ oríkì mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ò lè mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kì ọ́ fún ọdún kan gbáko, o máa bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìwọ kọ́ ni wọ́n bí.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń mú ilé wá bá mi ni Ìyá Ráfátù. Oníṣòwò ni, ará àdúgbò wa ní Ṣakí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wá, á gbé aṣọ òkè Ìsẹ́yìn wá tà, á sì ra obì padà. Kò mọ ìwé kà, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹnu rẹ̀ ni lẹ́tà wa. Kì í jẹ́ iṣẹ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ́ ẹ. Bó bá ń jẹ́ iṣẹ́ Bàbá mi, á di ojú ọ̀tún, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ni, á sọ ohùn di tín-ín-rín. Oṣù mẹ́ta péré ni èmi àti Àṣàkẹ́ gbé pọ̀ kí n tó lọ, nílé Bàbá mi ni mo sì fi í sí.

"Àṣàkẹ́ ní kí n kí ọ," ni Ìyá Ráfátù wí nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta. Ó jókòó lórí ẹrù aṣọ rẹ̀. "Ó ní, 'Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti rẹ́ ògiri yàrá rẹ̀ tó sán. Mo ń fi òrí pa ọkọ́ rẹ̀ kó má baà dípẹtà. Ẹ má sọ fún un pé mo ń sunkún o.' Ó ní kí n má sọ fún ọ."

"Ẹ ti sọ ọ́ nìyẹn, Ìyá."

"Ṣé mo lè bu iṣẹ́ kù ni? Gbọ́ èyí tó kù, nítorí òun ló ṣe kókó." Ó yí ohùn padà, ohùn náà sì le. Ìyá Àṣàkẹ́ nìyẹn, láti Ìsẹ́yìn. "'Iṣu tuntun ọdún yìí ti jáde láìsí ọkọ nílé. Bí ti ọdún tó ń bọ̀ bá tún bá ọmọ mi bẹ́ẹ̀, màá wá mú un lọ sílé. Ọmọ mi kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n gbé pamọ́ sábẹ́ àjà.'"

Mo ní, "Ẹ sọ fún Àṣàkẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Kó máa bọ̀ síbo? Sáàárín ọkùnrin mẹ́jọ?" Ó wò mí títí. "Wá yàrá, ọmọ mi. Bí o bá ti rí yàrá, èmi fúnra mi ni màá mú un wá."

Yàrá kan wà. Ní ibi iṣẹ́ wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé àpótí wúrà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbọn ìléwọ́ kan àti yàrá tirẹ̀, tí ilé ìdáná kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gbà kí ìyàwó ẹ̀ṣọ́ bá a gbé. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé. Mo lọ bá Sájẹ́ǹtì Bàkó, olórí wọn. Ṣójà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó gùn, ó gbẹ, obì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Haúsá ló ń sọ, èmi náà sì gbọ́ ọ láti ọjà Ṣakí.

"Ọmọ ọdẹ ni mí," mo sọ fún un. "Inú ẹ̀tù ni wọ́n bí mi sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàyárábè," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Haúsá ń pe Yorùbá. "Méje nínú mẹ́wàá ni mò ń fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn lè dán an wò."

Ẹ ti mọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí. Méjì nínú mẹ́wàá! Mo wo ìbọn náà, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, mo ní irú ìbọn báyìí kì í ṣe ìbọn gidi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi di igi mú. Sájẹ́ǹtì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò, kò wo pákó rárá.

Ní ọjọ́ Àìkú ó pè mí padà. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ki ọta sínú ilé ọta mẹ́fà tó wà lára ìbọn náà, ó sì gbé e fún mi. "Yìn ín." Mo yin ọ̀kan, ó dún. Mo yin èkejì. Kẹ́! Kò dún. Èèpo ọta tó ti jó ló kì sínú rẹ̀, mi ò sì mọ̀. Ìbọn ò dún, iná ò tan, síbẹ̀ ọwọ́ mi ti wọlẹ̀, ojú mi sì ti wà lápá òsì pátápátá, mò ń wo ewúrẹ́ kan tó ń jẹko.

"O rí i?" ni Sájẹ́ǹtì wí. "Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ. Kó o tó fa ìbọn ni o ti ń sá fún un. Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Mo fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ibi tó ń dun ọmọ. Mo bá sọ fún un.

Ẹni tó bá mọ ìbọn ṣakabùlà mọ̀ pé iná méjì ló ní. Ọ̀kan ń gba ẹnu jáde lọ bá ẹran. Èkejì ń bù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi ihò kékeré tí a ń da ẹ̀tù sí, nítòsí ojú ọ̀tún ẹni tó mú un. Iná kejì yìí ló gba ojú ọ̀tún Bàbá mi kí wọ́n tó bí mi. Kò ní kó má lọ sígbẹ́ o. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé olójú kan kì í tàkìtì òró, á ní, "Ṣé àkìtì ni mò ń ta? Ìbọn ni mò ń yìn."

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kọ́ mi, kò fi ojú tèmi ṣeré. Á dúró sẹ́yìn mi, á gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi. "Fojú sùn ún. O ti rí i? Ó yá." Bí mo bá ti fẹ́ fà á báyìí, ọwọ́ náà á ti ojú mi sí òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìbọn á dún. Ẹran wa kì í jìnnà, ọta ṣakabùlà sì máa ń fọ́n ká, nítorí náà à ń pa ẹran bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ kan náà yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò nínú èéfín, á ní, "Ojú méjì. Ó pé." Kò sí ọjọ́ tí mo yìnbọn níwájú rẹ̀ tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Kódà nígbà tí mo ti hu irùngbọ̀n.

Sájẹ́ǹtì tu obì tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù. Ó ní, "Inú ni iná ti ìbọn yìí ń gbé. Kò sí ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wò ó fúnra rẹ."

Mo wò ó. Mo gbà. Àmọ́ ọrùn mi kò gbọ́ Haúsá! Mo fi Yorùbá sọ fún un, kò tún gbọ́. Bàbá mi nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Àárọ̀ kùtù, kí fèrè iṣẹ́ tó dún, èmi àti Sájẹ́ǹtì á ti wà níwájú ilé rẹ̀. Kò fún mi lọ́ta. Ó ní kí n wá nǹkan kékeré kan gbé lé orí ìbọn, kí n máa fà á lófìfo, kí nǹkan náà má sì já bọ́. Owó ẹyọ kan wà tí Àṣàkẹ́ so mọ́ etí aṣọ mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Òun ni mo tú. Mo gbé e lé e, mo fà á, ó já bọ́. Mo he é, mo tún gbé e lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń he owó ẹyọ kan ṣoṣo nínú erùpẹ̀.

"Mú un bí ẹni mú ọwọ́ ọmọ sọdá odò," ni Sájẹ́ǹtì máa ń wí. "Má fún un pa, má sì jẹ́ kó bọ́. Má wo pákó. Irin kékeré tó yọ sókè lẹ́nu ìbọn ni kí o máa wò. Mí síta díẹ̀, dá èémí dúró, kí o fà á títí yóò fi yà ọ́ lẹ́nu pé ó dún."

Fífà náà ló nira jù, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rántí bí Àṣàkẹ́ ṣe ń ranwú. Bó bá fa òwú náà tagbáratagbára, á já. Ó máa ń fà á bí ẹni tí kò fà á, tí á máa sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn, òwú á sì máa gùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fà á. Owó ẹyọ náà dúró. Mo tún fà á, ó dúró. Mo pariwo, "Àṣàkẹ́ o!" láàárín ibùdó, àwọn aládùúgbò yọjú wò mí bí ẹni wo wèrè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ọta bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ojú mi ṣì ń yí. Mo ti bá ìbọn òfìfo rẹ́, àmọ́ tí mo bá ti mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, ọwọ́ Bàbá ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èmi rò pé mo ti fi ilé sílẹ̀ ní Ṣakí, pé ó wà lọ́hùn-ún tó ń dúró dè mí. Àṣé ọrùn mi ló ń gbé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: apá kan nínú mi ò fẹ́ kí ọwọ́ náà lọ. Nínú gbogbo ìlú yẹn, ọwọ́ yẹn nìkan ló ń tọ́jú mi.

Nígbà tí Ìyá Ráfátù fẹ́ padà sílé, mo lọ bá a, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú ń tì mí gan-an. Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi bi Bàbá bóyá wọ́n á yọ̀ǹda mi kí n má yíjú mọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mú mi lọ wo ìbọn náà. Mi ò lè lọ jẹ́ iṣẹ́ ohun tí mi ò rí." Ó gbà á lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi ìka wá ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ibo ni iná kejì ń gbà?" "Kò ní iná kejì, Hàjíà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Háà. Ó dáa." Ó sì lọ.

Sájẹ́ǹtì gbà kí ìdánwò kejì dúró títí ìyá náà yóò fi dé. Ó ní bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, òun ò ní lè dúró mọ́. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ òkúta, mo ń ka oṣù. Bí iṣu tuntun bá jáde kí n tó rán ẹni pe Àṣàkẹ́, ó ti parí nìyẹn.

Òjò kẹrin ọdún náà ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ráfátù dé. Aṣọ rẹ̀ tutù, ó sì ń mí hẹlẹ. Mo fẹ́ gba ẹrù lórí rẹ̀.

"Fi ẹrù sílẹ̀. Jókòó. Rárá, dìde, bàbá rẹ ní ìdúró ni."

"Kí ni wọ́n wí, Ìyá?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí pé ṣé kò ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ lóòótọ́. Mo búra fún un. Ó ní, 'Ṣé láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ mi ṣì wà lójú ọmọ yẹn?' Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá nu ojú."

"Èwo ni wọ́n nù?"

"Méjèèjì."

Ó bọ́ sẹ́yìn mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi, èyí tí Bàbá kò fọwọ́ kàn rí. Ọwọ́ náà le fún iṣẹ́, ó sì tutù fún òjò. Ó ti ojú mi láti òsì wá sí iwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì mú un dúró síbẹ̀.

"Iṣẹ́ náà nìyẹn," ó ní. "Bàbá rẹ ní kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu."

Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ìyá Ráfátù dúró, kò mú ọwọ́ kúrò.

Ní ọjọ́ kejì mo dúró níwájú pákó tuntun. Mo mí síta, mo wo irin kékeré náà, mo ranwú. Nígbà tó dún, mo rí iná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí iná ìbọn ara mi. Kò tóbi. Ó yọ lẹ́nu ìbọn, ó sì kú, ojú mi ṣì wà níwájú. Ẹnu yà mí débi pé èkejì tàsé. Mo yin àwọn yòókù. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

A lọ síbi pákó. Sájẹ́ǹtì fi ìka kà á. Mo bá a kà á: mẹ́fà. Mo tún un kà, mẹ́fà náà ni.

"Méje," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Sájẹ́ǹtì, mẹ́fà ni mo rí."

"Pa ẹnu dé, Bàyárábè." Ó ki ìka sínú ihò kan, ó yí i níbẹ̀. "Ọta méjì ló gba ibí kọjá. Àbí ìwọ lo kọ́ mi níbọn?"

Ihò náà fẹ̀ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ lóòótọ́. Àmọ́ ó ti ki ìka bọ̀ ọ́ kí n tó wò ó dáadáa. Mi ò mọ̀ títí di òní. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lábẹ́ rẹ̀, mi ò bi í, kò sì sọ.

Ìyá Ráfátù mú ìròyìn yàrá dé ilé kí iṣu tuntun tó jáde. Nígbà tó tún padà wá, ẹnì kan ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igbá òrí àti ìdì òwú lórí. Mo mọ ìrìn náà. Ọjọ́ yẹn nìkan ni igbó yẹn jẹ́ kí n rí ọ̀kánkán.

"Ẹ kú ilé," ni Àṣàkẹ́ wí. Mo na ọwọ́ láti sọ ẹrù rẹ̀. Ó yẹra.

"Ẹ dúró ná. Bàbá ní kí n kọ́kọ́ wò ó kí n tó sọ ẹrù."

Pẹ̀lú ẹrù lórí, ó na ọwọ́ kan, ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí oòrùn. Ó wo ojú ọ̀tún mi. Ó ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú. Ó wo ti òsì náà. Mo gbóòórùn òrí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ráfátù wo igi, ó ní òun ò rí nǹkan kan o.

"Ẹ bá mi sọ fún Bàbá," ni Àṣàkẹ́ wí fún Ìyá Ráfátù, "pé ojú méjì. Ó pé." Nígbà náà ló tó jẹ́ kí n sọ ẹrù náà.

Ìyá Ráfátù ló wá sọ fún wa, ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, bó ṣe jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ó ní Bàbá jókòó sábẹ́ igi igbá, ó tẹ́tí. Ó jẹ́ ẹ fún un tán, pẹ̀lú ohùn Àṣàkẹ́ gan-an, tín-ín-rín. Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá ní kó tún un sọ.